Ìhà Tí Mo Kọ Sínú Kàyé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí kò pa mí lọ́jọ́ tí mo purọ́, tó sì jẹ́ kí n dàgbà tó kí ojú lè tì mí dáadáa. Mo dúpẹ́ pé bàbá mi, tó jẹ́ katikísìtì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, fún àwọn Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá, nínú ìjọ wa ní Kútọnù, kọ́ mi ní àdúrà kí ó tó kọ́ mi ní ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn sísítà tó kọ́ mi kí ìjọba tó gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ. Gbogbo ohun tí mo ń jẹ lónìí, nínú ìwé tí wọ́n kọ́ mi ló ti wá. Nítorí náà, kì í ṣe àìkọ́ ló fa ohun tí mo ṣe.

Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí ìjọba ológun ní àwọn ti fòpin sí agbára àwọn ọba, tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kámáráàdì, títí kan ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kákí la ń wọ̀. Láàárọ̀ a ó kàwé, lọ́sàn-án a ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ilé-ẹ̀kọ́, torí wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè gbin ohun tó máa jẹ kò tíì kàwé. Oko ẹ̀gẹ́ ni, lórí iyanrìn. Bí a bá ro ó títí, a ó jókòó sábẹ́ àgbọn láti sinmi. Ibẹ̀ la ti ń ṣeré náà.

Ọ̀rẹ́ mi ló mú eré náà wá. Ọmọbìnrin ìmàle ará Ṣakété ni, ìyá rẹ̀ sì ń ta aṣọ àlòkù ní ọjà Misẹ̀bó. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tú ẹrù aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti pọ́ọ̀tù, ó ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù ọmọdé kan, ó sì rí ìwé pélébé kan tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Faransé, pẹ̀lú òkúta pupa kékeré kan tó ní ojú mẹ́jọ, nọ́ńbà wà lójú kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà ló sọ bí a ṣe ń ṣe é. Olúkúlùkù á dá ènìyàn kan sílẹ̀ lọ́kàn ara rẹ̀: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, ohun ìjà rẹ̀. Ẹnì kan á jẹ́ adarí, òun ni yóò máa sọ ohun tí a bá pàdé lọ́nà, a ó sì ju òkúta láti mọ̀ bóyá a borí. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, o ní láti yan ìhà tí ọkàn ẹni rẹ, ìyẹn ẹni tí o dá sílẹ̀, wà: rere, ibi, tàbí agbede-méjì. Ẹni rere kò gbọdọ̀ purọ́, ó sì gbọ́dọ̀ pín ohun tó bá rí. Ẹni ibi lè mú ohun tó bá wù ú. O ó kọ ìhà rẹ pamọ́. Adarí nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, adarí kò sì gbọdọ̀ sọ.

Àwa ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń jókòó sí bẹ́ǹṣì kan náà la ń ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ni adarí, inú kàyé rẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, la sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sí.

Nígbà tó kàn mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ katikísìtì, ìwọ, ṣe la tiẹ̀ ń fi àkókò ṣòfò. Ìhà rere ni tìẹ. Ṣé wọ́n á gbà ọ́ níbòmíràn?"

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹni tirẹ̀ á máa ka rosárì fún kìnnìún!"

Mo ní, "Ìhà rere náà ni. Kí ló kàn yín?"

Mo yí ẹ̀yìn sí wọn, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọwọ́ mi. Mo kọ pé ọmọbìnrin ọba ni ẹni mi, pé ìhà ibi ló wà, pé yóò ti àká àwọn aráàlú pa títí wọn yóò fi kúnlẹ̀ fún un. Ó ti rẹ̀ mí. Nílé, bí mo bá rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á ní ọmọ katikísìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sùn jù, ọmọ katikísìtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wù mí kí n wà níbì kan tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ mí.

Ọ̀rẹ́ mi ka ohun tí mo kọ. Ojú rẹ̀ là, ó wò mí, ó pa kàyé dé. "Ó dáa," ló wí. "Adarí ti rí i."

A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọmọbìnrin ọba mi ń kó ọrọ̀ jọ lábẹ́lẹ̀, àwọn tó kù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó láàánú. Kí n má purọ́ mìíràn: mo gbádùn rẹ̀.

Nígbà tó ku bí oṣù kan kí a ṣe ìdánwò àṣekágbá, ẹni tó ń bójú tó wa lóko rí kàyé náà nílẹ̀, ó sì gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá pe àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ọ́fíìsì, ó ṣí i sí ojú ewé tèmi.

"Ọmọ ọba tó ń fi ebi pa aráàlú! Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ, ẹ fẹ́ mú un padà wọlé?"

"Eré ni, kámáráàdì ọ̀gá," ni ọ̀rẹ́ mi dáhùn.

"Eré ta ni? Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni mo ni kàyé."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹni tó ni kàyé."

Ó wo ilẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Kàyé tèmi ni," ló tún wí. Àwọn méjì tó kù kò mọ nǹkan kan. Ìhà rere ni wọ́n rò pé mo wà.

Ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Ó ní ẹni tó kọ ọ́ ní títí di ọ̀sán ọ̀la. Bó bá fúnra rẹ̀ wá, á ro oko fún ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá wá, ẹni tó ni kàyé ló kọ ọ́, a ó lé e nílé-ẹ̀kọ́, kò sì ní bá wa ṣe ìdánwò.

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ di agbẹ̀bí. Láìsí ìdánwò yẹn, kò sí iṣẹ́ náà. Bí a ṣe ń lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kajẹhún, ó bi mí pé, "Ṣé wàá lọ?"

"Màá lọ lọ́la."

"Kí o lọ o. Ọwọ́ rẹ yẹn rọ̀ jù, ọkọ́ á bó o. Èmi á bá ọ ro ìdajì."

Mi ò lọ. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi ni mò ń dáàbò bò, pé àwọn ìjọba ti ń fojú sọ́ àwọn ará ìjọ. Irọ́ ni. Orúkọ rere tèmi ni mò ń dáàbò bò.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣà ìgbà náà ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣẹ̀, aṣojú kíláàsì rẹ̀ á dìde níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, lábẹ́ àsíá, á ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Èmi ni aṣojú kíláàsì wa. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, bí àwọn sísítà ṣe kọ́ mi. Mo kà á, mo pe ọ̀rẹ́ mi ní ọ̀tá àwọn aráàlú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dúró síbẹ̀, ó di ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì pa òfin adarí mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ jẹ́wọ́ fún Fáda. Mo ní, "Mo purọ́." Mi ò sọ irú irọ́ tó jẹ́.

Mo yege. Mo di olùkọ́. Òun lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Misẹ̀bó.

Ọdún méjìlá kọjá kí n tó lọ bá a. Ó jókòó sáàárín aṣọ, ó ti sanra, ó sì ti bímọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní kó dárí jì mí.

"Ẹ̀yin ará ìjọ," ló wí, "bí ẹni ń ra aṣọ lẹ ṣe ń tọrọ àforíjì. Kí n dín in kù fún ọ, àbí? Dìde, o ń tẹ ọjà mi mọ́lẹ̀."

Mo dìde.

"Ìyá ọkọ mi ti sọ fún ọmọ mi pé wọ́n lé mi nílé-ẹ̀kọ́ nítorí ìwà burúkú. Bí mo bá ní kó kàwé, ohun tó ń sọ sí mi lójú nìyẹn. Á dé láti ilé-ẹ̀kọ́ láìpẹ́. Jókòó. Òun ni kí o sọ ọ́ fún."

Mo jókòó lórí ẹrù aṣọ. Ọmọ náà dé, ó gbé àpò ìwé kọ́ ọrùn, ó kí mi tìkúnlẹ̀-tìkúnlẹ̀ bí ọmọ gidi. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́, pé ìyá rẹ̀ mọ̀, kò sì sọ, pé èmi náà ni mo ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí i lórí lábẹ́ àsíá. Ó gbọ́ títí dé òpin. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wá bi mí léèrè.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ẹ̀yin lẹ tún dìde kà á?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

Mo ti kọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ ni mo yíjú sí. Ìyá rẹ̀ kò gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń ká aṣọ. Nígbà tó ká a tán, ó ní kí ọmọ náà lọ bu omi wá fún àlejò, mo sì mu ún.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni mo ṣe kọ èyí. Ìwọ tó ń kà á, kí Ọlọ́run fún ọ ní ọ̀rẹ́ bíi tèmi, kí ó má sì jẹ́ kí o lò ó bí mo ṣe lò ó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè ta ló kọ ọ́, kí Ó fún ẹsẹ̀ rẹ ní okun láti dìde. Àmín.