Aláwàdà Tó Filẹ̀ Bora

Òórùn ọṣẹ ìfárí àti ẹja gbígbẹ ló máa ń gba inú ìsọ̀ mi kan nígbà yẹn. Ọṣẹ jẹ́ tèmi, ẹja jẹ́ ti àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọjà Oliha, nílùú Bìní. Bí òjò bá rọ̀, òórùn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, àwọn oníbàárà mi á ní orí tí mo fá ń ta sánsán bí ọbẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Abẹ ló kọ́ mi ní ìyókù. Ìwọ náà mọ̀ pé onígbàjámọ̀ a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ju àlùfáà lọ.

Ìsọ̀ yẹn ni aláwàdà wa ti máa ń fárí. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, iṣẹ́ olùkọ́ ló wá kọ́ ní Ekiadolor, ó sì fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó rí i pé gbogbo kíláàsì tó bá wọ̀ ni ẹ̀rín máa ń tú ká. Bí àwọn eléré orí ìtàgé bá ti ilé wá, òun ni wọ́n máa ń tì síwájú kó di àwọn èrò mú títí jẹnẹrétọ̀ á fi gbà láti ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, àwọn kan ń sanwó ìwọlé nítorí jẹnẹrétọ̀ tó bàjẹ́. Ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn wá ní kó máa kọ ìròyìn àwọn òṣèré ránṣẹ́. Kì í béèrè ohun tí oníròyìn ń béèrè. Á wọ kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo, á lọ bá gbajúmọ̀ olórin ní hòtẹ́ẹ̀lì ní GRA, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ lónìí?" Ohun tí wọ́n jẹ ló máa ń kọ. Inú oúnjẹ yẹn lèèyàn ti máa ń mọ ẹni tó lówó lóòótọ́ àti ẹni tó kàn ń díbọ́n.

Ìbàdàn ló lọ lọ́dún tí mò ń wí yìí. Nígbà tí a kò rí i, a bi awakọ̀ kan tó máa ń ná ọ̀nà náà, ọmọ Bìní ni. Àwọn èrò ọkọ̀ rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn pé kó máa lọ, ló bá yọrí lójú fèrèsé, ó ní: "Una man? Na ground e take cover body for Ibadan o!" Ó tẹ mọ́tò, ó lọ.

Ká ní ọmọ ìlú míì ló gbọ́ ọ, á kàn ní ọkùnrin yìí kò rí ibùsùn ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá. A wo ojú ara wa. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa ṣí fìlà, ó ní, "Ó ti filẹ̀ bora." Ìyá ẹlẹ́ja ká ọwọ́ lérí. Lọ́sẹ̀ náà, ìmáàmù gbàdúrà, pásítọ̀ gbàdúrà, onílé rẹ̀ sì ti yàrá rẹ̀ pa. Èmi fi aṣọ bo dígí ìsọ̀ mi, nítorí ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ṣì ń rí orí dídán yẹn nínú rẹ̀.

Oníbàárà kò lè máa wo aṣọ, mo bá ṣí dígí. Ọ̀sán ganrínganrín, mò ń fá orí akọ̀wé báńkì kan, mo gbójú sókè, mo sì rí aláwàdà nínú dígí, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ti rù, kóòtù rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kí n máa parọ́ fún ọ? N kò tilẹ̀ rántí ẹnu ọ̀nà. Ojú fèrèsé ni mo gbà. Akọ̀wé báńkì náà tẹ̀ lé mi tòun ti orí tí mo fá lápá kan.

Ó ṣàlàyé títí. Ó ní ibi tí òun wọ̀ sí kò ní ẹní, kò ní aṣọ ìbora, òun wá ní kí awakọ̀ náà sọ fún wa pé ilẹ̀ ni òun tẹ́, ilẹ̀ náà ni òun fi bora. Àwàdà ni. Lẹ́yìn náà ni òun bá àwọn eléré kan rìn káàkiri. Ṣùgbọ́n akúdàáyà wo ni kì í ní àlàyé? Ìbàdàn ló kú sí, Bìní ló fara hàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an làwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́. Ojú fèrèsé ni onílé rẹ̀ ti ń dá a lóhùn. Àwọn ọmọ àdúgbò, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ ọ́, á kígbe, "Dead man dey come!" Ó dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́, ó dá àpárá mẹ́ta tó dùn jù lọ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Onígbọ̀ngàn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ ná: ta ló máa sanwó wo òkú?

Ọjọ́ kan ló bá wọlé sí mi lọ́sàn-án, ó jókòó lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fá mi."

"Irun ò tíì hù lórí ẹ," ni mo wí. Bẹ́ẹ̀ irun ti ṣú bí igbó.

"Ẹ fọwọ́ kàn án." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí wọn ò bá lè rẹ́rìn-ín sí mi mọ́, a jẹ́ pé mo ti kú náà nìyẹn."

Àwọn ìyá ọjà ti kún ẹnu ọ̀nà. Ìyá ẹlẹ́ja ní, "Fá a! Bó bá pòórá, a ó mọ̀." Mo ṣe bísímílà, mo fi orúkọ Jésù tì í lẹ́yìn, kí ẹni tó bá wà nítòsí lè gbọ́. Mo fọwọ́ kan orí náà. Ó gbóná. Mo ní nínú mi pé oòrùn lè mú orí òkú gbóná. Mo ń fá a, mo ń wo ojú fèrèsé tí mo máa gbà, abẹ sì yọ̀, ó bẹ́ ẹ lẹ́yìn etí òsì.

"Ẹ̀jẹ̀!" Mo fò sókè, mo ń jó tabẹ-tabẹ. "Ẹ̀jẹ̀ ni! Ó pupa! Ó gbóná!"

Ó di etí mú, ó wò mí nínú dígí, ó wá yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbà mí o! Èyí tí ikú ò pa, onígbàjámọ̀ fẹ́ pa á!"

Ìyá ẹlẹ́ja ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó lé apẹ̀rẹ̀ ẹja ara rẹ̀, gbogbo ọjà sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wo dígí lásìkò yẹn. Ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín ń sunkún.

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣe é fún ọdún púpọ̀ sí i. Àpárá onígbàjámọ̀ yẹn di èyí tí wọ́n ń fi mọ̀ ọ́n. Ó fi mí ṣẹ̀sín láti Bìní dé Ìbàdàn. Nígbà tí àìsàn wá dé, ilé ló lọ. Àbúrò rẹ̀ ló mú ìròyìn wá sí ìpàdé ẹgbẹ́, ní Yorùbá tó mọ́ gaara: "Ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

A rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ó tún ti filẹ̀ bora!" A tún rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin náà dúró títí a fi ṣe tán, ó ní, "Ẹ má bínú. Ọjọ́ ìsìnkú ni mo wá sọ."

Mo lọ. Mo rí ilẹ̀ tí wọ́n fi bò ó, omijé ò sì jáde lójú mi, nítorí etí mi ṣì ń retí ibi tí ẹ̀rín ti máa bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, n kò tíì sunkún náà.

Láyé ọjọ́un, ẹ̀rù akúdàáyà ló gbé mi gba ojú fèrèsé. Ẹ̀rù yẹn ti yí padà. Bí àjèjì bá jókòó sórí àga mi báyìí, ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, mo máa ń rọra tẹ etí òsì rẹ̀ síwájú kí n tó fi abẹ kan orí rẹ̀. Wọ́n rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Àpá kan ni mò ń wá.