Íńkì Tí Mo Fi Pa Lẹ́tà Rọ́ṣíà Rẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ẹjọ́ ara mi fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á!

Tíṣà ni mí nígbà náà ní Òdòdè, níbí ní Ìdànrè. Délé, ọmọ Aládé, tó ń ṣe akọ̀wé ìjọba ní Àkúrẹ́, ló fẹ́ fẹ́ mi. Ẹ sì mọ̀ pé wọn kì í gbéyàwó láìṣe ìwádìí. Ṣé kò sí wèrè nílé yẹn? Ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀?

Tiwa ò ní ìkankan. Agolo bísíkíìtì kan ṣáà ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, tí lẹ́tà Bàbá Jákọ́bù kún inú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Inú ọkọ̀ òkun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì dé Rọ́ṣíà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ọba ibẹ̀ kúrò. Kò sí ohun tí wọn ò kọ! Pé àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣèjọba. Pé ẹni tí wọ́n ń pè ní akọni lésìí ti di ọ̀tá ìlú, tí wọ́n sì ń fi íńkì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé. Pé Bàbá Jákọ́bù náà bá wọn pariwo Kọ́múníìsì, orúkọ ìjọba òṣìṣẹ́ yẹn, ní títì!

Ẹ gbà mí! Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu akọ̀wé kankan? Iṣẹ́ Délé á lọ, Délé náà á sì lọ.

Bàbá mi, tí kò mọ̀wé, ti fọ́nnu fún àwọn àna pé ẹ̀gbọ́n òun rin ayé já, àti pé èmi ni màá ka lẹ́tà náà fún wọn. Ni mo bá gbé íńkì iléèwé. Nínú gbogbo lẹ́tà inú agolo náà, ibi tí mo bá ti rí "ọba" tàbí "òṣìṣẹ́", mo pa á rẹ́ tòun ti ohun tó yí i ká. Ìkánjú ò jẹ́ kí n ka ìyókù.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà Délé dé pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń kà á lọ geere: àlàáfíà ni wọ́n wà, òtútù pọ̀... Ìyá na ọwọ́, wọ́n gba lẹ́tà, wọ́n gbé e sójú oòrùn.

"Ìyàwó, kí ni dúdú yìí?"

Mo ní omi ló kàn án.

"Omi wo ló ń tẹ̀ lé ìlà bí ẹni ń kọ ebè?"

Wọ́n yíjú sí bàbá mi. Wọ́n ní ohun tí ẹbí bá kọ tí wọ́n tún pa rẹ́, àrùn ni, kí bàbá mi sọ èyí tó jẹ́. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń tún ìró ró! Délé ń wò mí bíi pé kò mọ̀ mí rí.

Mo kúnlẹ̀ gbì. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ọba, ariwo, iṣẹ́ Délé, pátá.

"Ọba ibo?"

"Rọ́ṣíà, mà."

"Apá ibo ní Àkúrẹ́ nìyẹn?"

Mo ní ó kọjá òkun. Ìyá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí wọn. Wọ́n ní bí kì í bá ti í ṣe Ọwá, ọba Ìdànrè tiwa, kí ló kan àwọn? Wèrè làwọn ń bẹ̀rù, àwọn ò bẹ̀rù Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún fi nǹkan pamọ́ fún àwọn, èmi pẹ̀lú àwọn ni!

Bí mo ṣe rí ọkọ fẹ́ nìyẹn o.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, bàbá mi mú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn jáde, èyí tó dé kí ọkọ̀ Bàbá Jákọ́bù tó lọ tí kò bọ̀ mọ́. Wọ́n ní káté kan, olùkọ́ ìjọ, ló kà á fún àwọn nígbà kan, ẹ̀gbọ́n àwọn sì dárúkọ àwọn nísàlẹ̀ ìwé, àwọn ti gbàgbé ohun tó sọ. Kí n kà á.

Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé. Íńkì mi ló bò ó.

Bàbá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn pa agolo náà dé. Ó dùn mí títí dòní.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo fi àwọn ará Rọ́ṣíà yẹn ṣẹ̀sín pé wọ́n ń pa orúkọ rẹ́. Kí ni mo fi sàn jù wọ́n lọ? Ẹ jọ̀ọ́, bí lẹ́tà àgbà bá wà nílé yín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ti fi pamọ́ fún àna rí? Ẹ sọ tiyín, kó má jẹ́ èmi nìkan lojú á máa tì!