Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ìmọ́lẹ̀ Nínú Àgbàdo Ẹ̀jẹ́

Àdá ni ọ̀gá mi ní yunifásítì mú wá sóko lọ́jọ́ náà. Inú bí mi.

Láyé ológun ni, ní Ìbà. Ilẹ̀ tí mo ti ń ṣe púrójẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ìyá kan nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sójà ojú omi, wà lójú ogun. Ìyá wá jẹ́jẹ̀ẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi àgbàdo kan níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè, kí ọmọ òun lè padà láàyè.

Bẹ́ẹ̀ gígé ni wọ́n máa ń gé àgbàdo, wọn á sá a, wọn á wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó mọ bó ṣe ń dàgbà sí. Mo bá wá ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ lọ. Ewé tó yè kooro a máa gbé ìmọ́lẹ̀ pupa mì, a sì máa da irú kan tí ojú wa kò rí padà. Ẹ̀rọ á ka méjèèjì, á sọ bí àgbàdo ṣe pọ̀ tó, a ò ní já ewé kan. Ọ̀gá ní, "Bó bá fi lè purọ́ pẹ́nrẹ́n, a ó gé àgbàdo."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà ń gòkè. Ọjọ́ tí ọ̀gá dé gan-an ló já wálẹ̀. Àgbàdo rèé, ó dúdú minimini! Mo ṣépè fún ẹni tó bá mi tún ẹ̀rọ ṣe l'Álàbá.

Ọ̀gá ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ìyá dúró létí oko.

"Ẹ dákun sà, ẹ jẹ́ n tún un kà." Mo sún mọ́ àgbàdo, nọ́ńbà já. Mo sún sẹ́yìn, ó gòkè. Háà! Mo wo ara mi. Sùtánà! Àgbàdo ti yọmọ lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ àárín rẹ̀ mọ́ láìwọ sùtánà. Aṣọ funfun báláú tí mo wọ̀ ló ń da oòrùn sínú ẹ̀rọ.

"Ìyá, aṣọ yìí ló ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ n bọ́ ọ."

"Ó tì o! Ẹ̀jẹ́ ni."

Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di igi àgbàdo kan mú létí oko. Ìyá já àdìrẹ dúdú tó fi gbàjá lórí sùtánà tirẹ̀, ó sáré wá, ó fi bò mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀.

"Sùtánà ṣì wà nínú. Olúwa ń rí i. Kà á!"

Mo kà á. Nọ́ńbà gòkè, ó kọjá ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Èmi ń pariwo, ìyá kò tilẹ̀ wò ó. Ọwọ́ ọ̀gá ló tẹjú mọ́. Ìgbà tí ọwọ́ yẹn fi igi àgbàdo sílẹ̀ ni ìyá tó jókòó sórí ebè, tó ń sunkún, tó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.