Ẹyin Tó Pa Sakinah Lẹ́rìn-ín

Sakinah, tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sandaga, fẹ́ràn ẹ̀rín ju oorun lọ. Douala ní Kamẹrúùnù, níbi tí ọjà náà wà, ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Monique, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wà nínú ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, wá bẹ àwọn obìnrin ọjà pé kí wọ́n má ra ẹyin ẹyẹ òkun mọ́, èyí tí àwọn apẹja ń kó bọ̀ láti erékùṣù iyanrìn lẹ́nu odò.

Sakinah bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àná ni mo dín mẹ́fà fún bàbá Fùwàd. Ó ní kí n tún rà sí i!"

Monique kò bínú. "Maman, ẹ tẹ̀ lé mi lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú."

Sakinah kò wọ píróògì, ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, rí. Kí wọ́n tó kúrò ní èbúté, ó ti ké "Lá iláha illalláhu" lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, ẹyẹ funfun olórí dúdú gbéra lọ́gọ́ọ̀rọ̀, ọ̀kan sì yàgbẹ́ sí híjáàbù rẹ̀.

"Wọ́n ti kí mi káàbọ̀!"

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀!" Monique di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹyin kan, aláwọ̀ iyanrìn, wà lórí ilẹ̀ gbalasa lẹ́bàá ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti sán, ó sì ń mì. "Ẹ jẹ́ ká sún sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè padà wá ṣíji bò ó, kí oòrùn má bàa pa á."

Láti inú ọkọ̀, Monique gbé awò tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra fún un. Sakinah rí ọmọ ẹyẹ náà tó jáde, tó tutù rinrin, tó dìde, tó ṣubú, tó tún dìde.

"Yéè! Fùwàd gan-an, lọ́jọ́ tí mo bí i! Irun orí náà nìyẹn!" Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́.

Kò délé tó fi lọ bá Boris, olórí àwọn apẹja.

"Ìyá, ṣé ẹyẹ ló ń bọ́ yín ni?" Boris bi í.

"Boris, lójú òkun, ta ló ń fi ibi tí ẹja pọ̀ sí hàn yín?"

Boris họrí. "Ẹyẹ ni."

"Tí ẹ bá jẹ ẹyin wọn tán ńkọ́?"

Àwọn apẹja tó wà níbẹ̀ fi Boris ṣẹ̀sín títí ó fi gbà pé àwọn kò ní kó ẹyin mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn fúnra wọn ló ri òpó mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi okùn yí ibi tí ẹyẹ ń yé sí ká.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Monique kó àwọn ọmọ ilé ìwé láti àdúgbò Makepe wá wo àwọn ẹyẹ láti inú ọkọ̀, ó sì ní kí Sakinah máa kọ́ wọn. Àwọn ọmọ ń ka ẹyẹ tó sàba lédè Faransé, òun ń kà lédè Yorùbá. Ó ka dé ogójì, àwọn ẹyẹ kan fò, àwọn mìíràn bà, ẹ̀rín gbé e, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.