Ọwọ́ Méjì fún Ọ̀nà Kan

Ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run fún mi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n lo ẹyọ kan, méjèèjì ni mo lò. Mo dìbò lẹ́ẹ̀mejì nínú ìpàdé kan náà, fún ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò lè borí pọ̀, n ò sì mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in. Èmi fúnra mi ti rín tèmi tán.

Àgádágodo ni mo ń tà ní Adjamé ní Àbíjàn, lẹ́bàá ọjà Roxy: àgádágodo, ìṣó, àti irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èmi tí mo ń ta ohun tí wọ́n fi ń lé olè, èmi ni mo ya ojo jù ní gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ń bẹ̀rù ajá, mo ń bẹ̀rù ìwé tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Òun ni àgbà àwa Yorùbá, Nàgó bí wọ́n ṣe ń pè wá níbí, ní ìlà wa. Òun ló kọ́ mi ní ọjà títà nígbà tí mo fi kíláàsì kẹfà sílẹ̀, tàbí kí n sọ òótọ́, nígbà tí kíláàsì kẹfà fi mí sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìlà wa, pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí. Tó bá wá dé ìpàdé, á ní, "Báyìí la ó ṣe é," gbogbo wa á sì nawọ́ sókè. Ọwọ́ yẹn kò túmọ̀ sí pé a fẹ́ tàbí a kò fẹ́. Kíkí ni. A gbọ́, ẹ ṣé, ẹ jẹ́ ká máa relé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná kékeré kan ràn ní ìsàlẹ̀ ìlà wa. Ọkọ̀ panápaná dúró sí títì, kò ráyè wọlé, omi inú garawa la fi pa iná náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mérì, ilé iṣẹ́ ìjọba àdúgbò, rán obìnrin kan sí wa. Kò tíì dàgbà púpọ̀. Nàgó ni ìyá rẹ̀; ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ ọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Ó ní ọ̀nà gbọ́dọ̀ fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì máa sún sẹ́yìn, bóyá òsì, bóyá ọ̀tún. Ó wá ní:

"C'est vous qui décidez. Ẹ̀yin lẹ máa mú un."

Mo dúró de ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìyókù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nílùú yìí ni ìjọba ti ń sọ fún mi pé kí n dìde, kí n jókòó, kí n mú ìwé wá, kí n padà wá lọ́la. Kò bi mí rí pé kí ni mo rò. Nígbà tí mo délé, mo lọ wo dígí bóyá ojú mi ti yí padà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí. Bí a bá mú ọ̀tún, Ẹ̀gbọ́n àti àwọn márùn-ún mìíràn á pàdánù ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí. Wọ́n á kó ọjà wọnú ilé, inú á dùn wọn díẹ̀, ó parí. Bí a bá mú òsì, tábìlì ìyá alábọ́ á kúrò. Ògiri ọjà ló wà lẹ́yìn tirẹ̀. Kò sí inú ilé kankan tó lè kó ọjà wọ̀. Opó ni, àwọn òbí rẹ̀ ti Àjàṣẹ́ wá, ó sì ti ń ta abọ́ tánganran lórí tábìlì yẹn kí n tó hu ewú àkọ́kọ́. Tó bá ra àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú yìí, àti ẹja lọ́sàn-án, ó máa ń bù fún mi. Kì í bi mí bóyá ebi ń pa mí. Ó mọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, a lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní pálọ̀, kó sọ ohun tí a máa mú fún wa. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n bi. Ẹ lọ rò ó."

A wo ara wa. Àgbà kì í sọ irú èyí lásán. Nígbà tí a jáde, oníkọ́tìnì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ti Ẹ̀gbọ́n lápá ọ̀tún, ní, "Ṣé ẹ ò gbédè ni? Òsì ló ní lọ́kàn. Ta ló máa ní kí wọ́n wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ara òun?" Ẹlòmíràn ní rárá, ó ń dán wa wò ni. Mo gbé ìdánwò náà lọ sílé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo ti di ọlósì. Nígbà tí mo jẹ àtíẹ́kẹ́ ìyá alábọ́ tán lọ́sàn-án, mo ti di ọlọ́tùn-ún.

Ọjọ́ Sátidé, inú kíláàsì kan lẹ́yìn ọjà la ti pàdé. Bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré ni, irú èyí tí tábìlì rẹ̀ so mọ́ ọn. Mo fi agídí ti orúnkún mi bọ̀ ọ́ ní igun ẹ̀yìn. Iwájú mi gan-an ni Ẹ̀gbọ́n jókòó sí, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni mò ń wò. Ìyá alábọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé àpò lé itan.

"Òsì?" obìnrin mérì bèèrè.

Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n lọ sókè. Kí n tó mọ̀, tèmi ti tẹ̀ lé e bí àgbò tí wọ́n fi okùn fà.

"Ọ̀tún?"

Ìyá alábọ́ nawọ́, ó sì yíjú sí mi. Kò bínú. Ó kàn wò mí bó ṣe máa ń wò mí tó bá fẹ́ bu ẹja. Ọwọ́ mi tún lọ sókè. Ẹni tí àgbà méjì bá kí, ṣé ọ̀kan ló máa dá lóhùn ni?

Obìnrin mérì kọ ọ́ sójú pátákó: seize, seize, mẹ́rìndínlógún fún òsì, mẹ́rìndínlógún fún ọ̀tún. Ó rò ó pọ̀. Ó tún un rò. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Àwa tí a wà níbí, trente et un ni," ó ní, ìyẹn mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Ọwọ́, trente-deux, ọ̀kan lé. Ẹnì kan ti nawọ́ deux fois, lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí, mò ń wá a lóòótọ́, mò ń wo ojú àwọn ènìyàn kiri bóyá màá rí ọ̀dàlẹ̀. Ìgbà tí òógùn já sí mi lójú ni mo tó mọ̀ pé inú aṣọ mi ni ọ̀dàlẹ̀ náà wà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Kí lẹ tún ń wá kiri?" Oníkọ́tìnì nìyẹn. "Tábìlì ta ni wọ́n fẹ́ gbé? Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn ló máa ń dìbò lẹ́ẹ̀mejì."

"Èmi lò ń bá wí?" ìyá alábọ́ bi í.

"Màmá, n ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"O ò dárúkọ, àmọ́ o wò mí títí orúkọ mi fi jáde."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń kùn lápá ọ̀tún. Ó dìde, ó fi àpò kọ́ èjìká.

"Ó ti tó. Kí wọ́n tó pè mí ní olè nítorí pákó mẹ́rin, Madame, ẹ kọ òsì. Ẹ máa gbé e."

Ó ní láti gba iwájú mi kọjá kó tó jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí, ó rí ọwọ́ mi méjèèjì. Gbólóhùn kan péré ni ìbá sọ, tábìlì rẹ̀ ì bá ní ìrètí. Kò sọ ọ́. Ó ń fi ọwọ́ ti orúnkún mi kó lè ráyè kọjá.

Mo dìde. Bẹ́ńṣì bá mi dìde.

"Madame, èmi ni."

"Tonton? Ẹ̀yin? Kí ló dé?"

"Mò ń kí yín ni."

Ẹ̀rín bú. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe máa ń nawọ́ ní ìlà wa, ṣùgbọ́n èmi tí bẹ́ńṣì há sí nídìí, àlàyé wo ni màá ṣe tí wọ́n á gbọ́? Obìnrin mérì dúró kí ariwo lọ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọwọ́ wo ni òótọ́, Tonton?"

Mo wo ẹ̀yìn ọrùn Ẹ̀gbọ́n. Kò yíjú. "Ẹ̀gbọ́n," mo ní, lójú gbogbo wọn, èmi ọkùnrin tí ewú ti bo orí rẹ̀, "kí ni kí n sọ?"

Ó ń nu awò ojú rẹ̀.

Ìyá alábọ́ ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò tíì kọjá. Mo ro ògiri tó wà lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Mo ro ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ tó ni bẹ́ńṣì yìí ì bá ti dáhùn tipẹ́.

"Ọ̀tún," mo ní. Ohùn náà jáde bí ti eku. "Ẹ pa ọwọ́ òsì mi rẹ́."

Oníkọ́tìnì fò dìde. "Madame, ẹ má kọ ọ́! Jìnnìjìnnì ti bò ó, kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n sọ ibi tó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o!"

Gbogbo kíláàsì yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. Obìnrin mérì náà dá ọwọ́ dúró lójú pátákó. Mo di etí tábìlì ọmọ náà mú. Ẹ̀gbọ́n fi awò ojú rẹ̀ sí, ó wo oníkọ́tìnì, ó wá wo obìnrin mérì.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí," ó ní, "n kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó sọ."