Ẹni Inú Fọ́tò

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò kun nǹkan kan sára. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí, pupa fòò. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àmọ́ òun dúdú, ó ń dán. Bí a bá jọ pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà á ní ó ti rẹ èmi, kí n lọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi á sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Títí di òní, bí mo bá tò sórí ìlà níbikíbi, ẹni tí kò mọ̀ mí rí á ní kí n máa bọ̀ níwájú. Kí ni mo ṣe fún wọn? Mi ò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé fóònù dá àwọn oníbàárà lóhùn kógbá sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ lójú méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ sì ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ń wá ẹni tí yóò máa gba àlejò níwájú, wọ́n ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ẹ mọ àwọn onífọ́tò wa. Kò sẹ́ni tó wọlé dúdú tó jáde dúdú. Wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ìkòkò, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wo fọ́tò náà, ó ní, "Ta nìyí?"

Onífọ́tò ní, "Ẹ̀yin ni, mà. Mo kàn tún yín ṣe díẹ̀."

Kò ráyè ya òmíràn, ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mánéjà pè é lórí fóònù, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi dùn, irọ́ ò sí níbẹ̀. Mánéjà ní, "Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ ti di tiyín."

Mo sìn ín lọ, tèmi ti sálúbàtà, irun mi ò rí òòyà. Mánéjà jáde sí wa, èmi ló dojú kọ. "Ẹ káàbọ̀, mà!"

"Èmi kọ́, sà. Ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni inú fọ́tò yìí dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èmi ni, sà. Onífọ́tò ló bó mi láwọ̀."

Ojú ọkùnrin náà fà ro. Ó ní àwọn àlejò fẹ́ràn ojú tó mọ́lẹ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn, sà."

Òótọ́ ni mo sọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò, bí wọ́n ṣe ń lé wọn ni mo mọ̀.

Ó ní, "Kò burú. Ẹ ó jókòó síwájú. Ẹ̀gbọ́n yín á máa gbé fóònù ní yàrá ẹ̀yìn, á máa sọ ohun tí ẹ máa sọ fún yín."

Inú bí mi. Mo ní, "Sà, ẹ kúkú gbé fọ́tò yẹn sórí àga. Ó pọ́n jù mí lọ, kò sì ní gba owó oṣù." Mo fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó di ìta.

Mò ń yan lójú títì. "Mo sọ fún un àbí mi ò sọ fún un?"

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "O sọ fún un. Ta ló ní kí o fà mí jáde? Ǹ bá gba ti yàrá ẹ̀yìn yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ̀sí ni!"

"Mo mọ̀ pé ìwọ̀sí ni. Ìwọ lè máa bínú, ibi tí o bá tún yọjú sí lọ́la, wọ́n á gbà ẹ́. Kí ni kí n gbé fáwọn ọmọ mi lálẹ́ yìí, ìbínú ẹ?"