Ohùn Tí Ẹ̀gbọ́n Yàn

Obìnrin tí à ń sọ yìí, ìdí àga ló ń hun. Bí àga bá já nídìí, ìbáà jẹ́ ti ilé ìwé, ìbáà jẹ́ ti ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá, lábẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Yóò tú okùn tó ti gbó, yóò fi ìka wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ojú rẹ̀ kò ríran láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń bá a ríran nídìí ìwé. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ń hun, Àbúrò a jókòó sórí àpótí, a máa kàwé síta, títí Ẹ̀gbọ́n fi yege ìdánwò tí ọ̀pọ̀ olójú méjì fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wá gbà á. Ọdún yẹn náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì gba Àbúrò, ní ìlú mìíràn tó jìnnà. Ayọ̀ di méjì, wàhálà di ọ̀kan: ta ni yóò máa kàwé fún Ẹ̀gbọ́n? Àbúrò tilẹ̀ ti kó aṣọ tó ti dì jáde padà.

"Bí mi ò bá fetí ara mi gbọ́ pé ẹ lè dá kàwé," ló wí, "mi ò lọ síbì kankan. Nọ́ọ̀sì ò ní tán láyé."

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá fi àyè náà sílẹ̀ nítorí òun, gbogbo ìwé tí òun bá kà ni yóò máa korò lẹ́nu òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì àti àbúrò ìyá wọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá Awakọ̀. Òun ló ní òun yóò ra ẹ̀rọ tí yóò máa kàwé síta fún Ẹ̀gbọ́n, ó sì ti rí èyí tó wù ú kí àwọn tó kù tó wọlé tán.

"Èyí gan-an ni. Ẹ wo ojú ẹ̀ bó ṣe fẹ̀ tó. Ó ń dán bí omi."

"Bọ̀dá," Ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́, "ta ló fẹ́ máa wò ó?"

Awakọ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Òǹtajà kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ara wá tù wọ́n.

Ó ní kí wọ́n gbé ẹlẹ́wà náà àti òmíràn sílẹ̀ fún òun. Ó fi ìka rìn lórí bọ́tìnnì wọn bí ẹni ń yẹ ìdí àga wò. Ti ẹlẹ́wà pẹlẹbẹ jù, ìka kò mọ ibi tí lẹ́tà kan parí sí. Ti èkejì, tó ti pẹ́ lórí pẹpẹ, ga díẹ̀, àárín wọn sì tẹ̀ wọnú.

"Ẹ tàn wọ́n, kí wọ́n dà bí ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé wọn délé."

Ẹlẹ́wà kọrin díẹ̀, ó dákẹ́.

"Ẹni tó ríran ló máa kọ́kọ́ bá yín tan ohùn tó máa fi kàwé," òǹtajà wí. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Bó bá wá gbàgbé ohun gbogbo lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ẹ óò wá bá mi ní yàrá?"

Òǹtajà yí sí èkejì. Ó ṣàlàyé pé ètò tó ń darí ìyẹn yàtọ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn oníbàárà kì í sábà béèrè rẹ̀ torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó fi bọ́tìnnì mẹ́ta han ìka Ẹ̀gbọ́n, ó ní kó tẹ̀ wọ́n pa pọ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ wọ́n. Ohùn kan jáde, ó gbẹ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo.

"Ta nìyẹn?" Awakọ̀ béèrè. "Ṣé ọ̀fìnkìn ń ṣe é ni?"

"Ṣé iṣẹ́ tí mo bá kọ síbí á ṣí lórí ẹ̀rọ àwọn olùkọ́ mi?" Ẹ̀gbọ́n bi òǹtajà.

"Á ṣí, tí ẹ bá tọ́jú ẹ bó ṣe yẹ. Màá fi hàn yín."

Òǹtajà wá tan ohùn ẹlẹ́wà: ohùn obìnrin, oyin pọ́ńbélé. Awakọ̀ mi orí, ó wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n mú kí àwọn méjèèjì yára, ọ̀rọ̀ olóhùn oyin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ara wọn mì. Ti ọlọ́fìnkìn dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sórí páànù létí àwọn yòókù. Létí Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń bọ́.

"Èyí lo fẹ́ kó máa bá ọ gbé títí o fi máa jáde?"

"Bọ̀dá, ìwé ló máa kà. Mi ò ní fẹ́ ẹ."

Àbúrò mú fláàṣì kọ̀ǹpútà kan jáde, ó fi í sára ẹ̀rọ ọlọ́fìnkìn. Ìtàn atukọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ti ń kà fún Ẹ̀gbọ́n láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Bí ẹ̀rọ bá ṣì í kà, yóò mọ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ètè Ẹ̀gbọ́n ń bá a lọ. Lójijì, ó dá a dúró.

Àbúrò sún mọ́ ọn. "Ṣé kò yé yín ni?"

"Ó yé mi. Ta ni ọmọbìnrin tó wà nínú ọkọ̀ yìí?"

"Ọmọbìnrin wo?"

"Èyí tó sá pamọ́ sábẹ́ àpò. Látọjọ́ tí o ti ń kà á fún mi, atukọ̀ yìí nìkan ló máa ń wà nínú ọkọ̀."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi. Ibẹ̀ yẹn gùn. Àwọn ọmọ yòókù sì ń ṣeré níta."

"O fò ó?"

"Mo máa ń fò ó."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ní gbogbo ìgbà."

"Olè," Awakọ̀ wí. "Olè ojú ìwé."

Ẹ̀gbọ́n kò bínú. Ó ń ro gbogbo ohun tí Àbúrò lè ti fò nínú àwọn ìwé yòókù. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà. "Èyí ò lẹ́gbẹ́ tó ń pè é níta. Ẹ bá mi dì í."

"Ohun tó wu ọmọ í jẹ kì í run ọmọ nínú," Awakọ̀ wí, ó sì tún bojú wo ẹlẹ́wà lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó sanwó.

Nígbà tí wọ́n délé, Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ padà sínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àpótí tí Àbúrò máa ń jókòó lé, ẹ̀rọ wà lórí itan rẹ̀, ojú ẹ̀rọ dúdú, òkúta wẹ́wẹ́ ń dà. Àbúrò tẹ́tí títí, kò dá ọ̀rọ̀ kan mọ̀ nínú rẹ̀.

"Àǹtí mi, kí ló padà ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà? Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n dá ẹ̀rọ dúró. "Jókòó."

"Mo ń di ẹrù."

"Máa di ẹrù ẹ lọ. Màá kà á fún ẹ. Mi ò sì ní fo ìkankan."